Ìdíje Ìṣirò Kì í Ṣe Ti Ẹni Tí Ó Yára Nìkan

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ìdíje ìṣirò tí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé mọ̀ ni èyí tí ẹni tí ó bá yára jù ń gba ẹ̀bùn. A kò bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Maryam Mirzakhani, ọmọbìnrin Tehran ní ilẹ̀ Ìráànì, gba wúrà nínú ti gbogbo àgbáyé ní 1994, ó sì tún gbà á ní 1995 pẹ̀lú máàkì 42 nínú 42.

Ṣùgbọ́n ó ṣe ohun mìíràn nígbà tí ó ṣì wà ní girama, èyí tí a kì í sábà sọ. Olùkọ́ Yunifásítì Sharif kan, E. S. Mahmoodian, gbé ìbéèrè tí àwọn onímọ̀ kò tíì dáhùn tán síwájú àwọn ọmọ: bí a bá fi ìlà so àwọn àmì pọ̀, nígbà wo ni a lè pín gbogbo ìlà náà sí àyíká onílà márùn-ún, tí ọ̀kan kò ní ṣẹ́kù? Ọmọ náà rí lára ìdáhùn. Orúkọ òun àti olùkọ́ jọ wà lórí ìwé ìwádìí náà ní 1995. Òun náà sì ni ó máa ń sọ pé òun kì í yára ronú! Ní 2014, ó di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó gba Àmì-ẹ̀yẹ Fields, kí ó tó kú ní 2017.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kún ìdíje yín. Ogún pípín tí a ń kọ́ ní ilé-kéú tó bẹ̀rẹ̀: obìnrin kan kú láìbímọ, ọkọ rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ obìnrin méjì, ọmọ ìyá ọmọ bàbá, nìkan ni ó fi sílẹ̀. Ìdajì ni ti ọkọ, ìdá méjì nínú mẹ́ta ni ti àwọn àbúrò. Àpapọ̀ rẹ̀ ju odidi ogún lọ. Kí ni ó sọ ìpín 6 di 7? Ẹ fún ọmọ ní oṣù kan, kí ẹ má sì sọ ìdáhùn fún un.