Kámẹ́rà Àkọ́kọ́ fún Akẹ́kọ̀ọ́: Èyí Tó Wọ́n Jù Kọ́ Ló Yẹ Jù

Bí ọmọ bá yege ìdánwò rẹ̀, tí ó sì sọ pé iṣẹ́ fọ́tò ni ọkàn òun fẹ́, inú òbí kì í fi bẹ́ẹ̀ bàjẹ́ mọ́ bíi ti àtijọ́. Gbogbo wa ti rí onífọ́tò tí ó kọ́lé, tí ó sì rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé. Ìṣòro tó kù ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ irú kámẹ́rà tó yẹ kí a rà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. A ó wọ ṣọ́ọ̀bù, a ó ní kí wọ́n gbé èyí tó wọ́n jù wá, a ó sì rò pé ìfẹ́ ni a fi hàn. Ní tèmi o, ẹ̀yin òǹkàwé mi, àṣìṣe ńlá ni. Kámẹ́rà àkọ́kọ́ tó dára jù ni èyí tí ọmọ lè gbé jáde lójoojúmọ́ láìbẹ̀rù, kí ó lè fi kọ́ṣẹ́.

Ní àkọ́kọ́, ó yẹ kí a mọ ohun tí à ń rà. Kámẹ́rà tí wọ́n ń pè ní DSLR ní dígí kékeré kan lẹ́yìn lẹ́ńsì rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ yóò gba inú lẹ́ńsì wọlé, dígí yìí yóò sì dá a padà sókè sí ibi tí a gbé ojú sí. Nítorí náà, ohun tí lẹ́ńsì rí gan-an ni ojú wa ń rí. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, dígí yóò gbéra, ìmọ́lẹ̀ yóò sì bọ́ sórí ohun tó rọ́pò fíìmù àtijọ́. Ohun mẹ́ta ni onífọ́tò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí pa dà: bí ihò lẹ́ńsì yóò ṣe fẹ̀ tó, bí ìmọ́lẹ̀ yóò ṣe pẹ́ tó nínú rẹ̀, àti bí kámẹ́rà yóò ṣe tètè gba ìmọ́lẹ̀ náà sí. Fóònù sábà máa ń ṣe gbogbo èyí fúnra rẹ̀, ọmọ kò sì ní mọ ìdí tí àwòrán kan fi dára tí èkejì fi ṣókùnkùn. Ìdí nìyí tí kámẹ́rà gidi fi wúlò fún akẹ́kọ̀ọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó yé wa pé DSLR tí owó rẹ̀ kéré jù náà ní ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí. Ẹ wo Nikon D3500 àti Canon EOS 2000D, tí wọ́n gbé jáde ní 2018 fún àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀. Àmì mílíọ̀nù 24 ni ó wà nínú àwòrán ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, èyí sì tó fún fọ́tò ńlá tí a lè fi kọ́ ògiri. Ohun tí a ń san owó gọbọi lé lórí ni pé kámẹ́rà ńlá yára, ó le koko, ó sì ríran jù nínú òkùnkùn. Ẹni tí kò tíì mọ iṣẹ́ kò lè mọ ìwúlò wọn. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Ohun tí mo fi ojú ara mi rí ló mú mi kọ èyí. Ẹ̀gbọ́n mi kan kó owó àjọ ọdún kan gbáko, ó fi ra kámẹ́rà ńlá fún àkọ́bí rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ó gbé e wálé, gbogbo ilé ló ń jó. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá ti fẹ́ gbé e jáde, bàbá rẹ̀ yóò ké pé, "Rọra o! Ṣé o mọ iye tí mo rà á?" Kò gbọdọ̀ gbé e dé ọjà nítorí olè; kò gbọdọ̀ gbé e dé òde òkú nítorí òjò. Ní ọdún kejì, mo bi ọmọ náà léèrè bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Ó ní, "Bàbá kékeré, ẹ̀rù rẹ̀ ló ń bà mí." Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni kámẹ́rà náà wà nínú páálí rẹ̀.

Ẹ̀wẹ̀, ìyá kan ládùúgbò wa tó ń ta aṣọ ra tòkunbọ̀ kan fún ọmọbìnrin rẹ̀. Ara rẹ̀ ti họ, okùn rẹ̀ sì ti já. Ọmọ náà gbé e dé ìsọmọlórúkọ, ó gbé e dé gáréèjì, ó gbé e dé ibi tí wọ́n ti ń lọ ata. Fọ́tò tó kọ́kọ́ yà kò dára, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bá a wí. Kò pé ọdún méjì tí ó fi fi owó ara rẹ̀ ra lẹ́ńsì kejì. Nínú kámẹ́rà méjì yìí, èwo ni ẹ̀bùn?

Àwọn kan lè sọ pé DSLR ti di ohun àná, pé kámẹ́rà tí kò ní dígí nínú ló kù tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń lé. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Nikon pàápàá ti dáwọ́ ṣíṣe D3500 dúró. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ kò yí ìwà rẹ̀ pa dà. Ohun tí ọmọ bá kọ́ lórí èyí ni yóò lò lórí tọ̀hún. Yàtọ̀ sí èyí, lẹ́ńsì EF tí Canon bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1987 ṣì ń wọ DSLR wọn títí di òní, nítorí náà tòkunbọ̀ rẹ̀ kò ṣòro láti rí.

Bí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ má ná gbogbo owó sórí kámẹ́rà nìkan. Ẹ yọ ti káàdì, ti àpò, àti ti bátìrì kejì sọ́tọ̀, nítorí iná mọ̀nàmọ́ná wa kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ gbé lẹ́ńsì sójú ìmọ́lẹ̀: bí ẹ bá rí ohun kan nínú rẹ̀ bí òwú aláǹtakùn, ó ti bu nìyẹn, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ ya ojú ọ̀run tó mọ́. Bí àmì dúdú bá ń jáde lójú kan náà nínú gbogbo fọ́tò, ìdọ̀tí wà nínú rẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ mú ọmọ náà dání, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dì í mú.

Ẹ rántí J. D. 'Okhai Ojeikere, tí a bí ní 1930. Kámẹ́rà Brownie kékeré tí kò ní iná ni ó kọ́kọ́ rà ní 1950, aládùúgbò rẹ̀ kan ló sì kọ́ ọ bí a ṣe ń lò ó. Nígbà tó yá, ó lo àwọn tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti 1968 ni ó ti ń ya irun dídì àwọn obìnrin Nàìjíríà, onílé gogoro wà lára wọn. Kí ó tó kú ní 2014, ayé ti mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ní ìparí, aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Ẹ ra èyí tí agbára yín ká, tí ó bá sì fọ́, tí kò ní fọ́ ilé. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ọ̀rọ̀ kan tí owó kò lè rà fún ọmọ náà: "Gbé e jáde, máa lọ."