Pípọ́n Abẹ: Ìmọ̀ Tí Kò Yẹ Kí Ó Kújú

Ọ̀rọ̀ abẹ ni mo mú wá lónìí, abẹ ìfárí tí àwọn onígbàjámọ̀ ń lò kí ẹ̀rọ ìgẹrun tó gbòde. Èrò mi ni pé bí a tilẹ̀ pa abẹ náà tì, kò yẹ kí a pa ìmọ̀ pípọ́n rẹ̀ tì.

Ẹni tí ó bá dé Àgbárá, ní ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà, ilé-iṣẹ́ ńláńlá ni yóò kọ́kọ́ rí. Ṣùgbọ́n àwọn alápatà, télọ̀ àti gbẹ́nàgbẹ́nà náà ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, irin wọn sì ń kújú. Òkúta rìbìtì tí iná mànàmáná ń yí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sáré gbé irin lé. Ó yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń mú irin gbóná. Bí ojú irin bá ti dà bí aró, líle rẹ̀ ti dínkù nìyẹn. Kò ní pẹ́ kó tó tún kújú.

Ọwọ́ kì í sun irin. Ẹni tí ó fẹ́ pọ́n abẹ yóò wá òkúta pẹlẹbẹ méjì, ọ̀kan tí ó rí háráhárá, èkejì tí ó kúnná. Yóò fi omi rin òkúta, yóò sì tẹ́ abẹ lé e tí ẹ̀yìn àti ojú rẹ̀ yóò fi jọ kan òkúta. Ẹ̀yìn yìí ni atọ́nà. A kò gbọdọ̀ gbé e sókè. Ojú ni yóò ṣíwájú, bí ẹni fẹ́ bó èèpo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lára òkúta. Bí ó bá dé òpin, ẹ̀yìn ni a ó fi yí i padà, kì í ṣe ojú. Bí abẹ bá gùn ju ìbú òkúta lọ, a ó máa fà á ní ìdábùú láti ìdí dé ṣóńṣó. Ọwọ́ kò gbọdọ̀ wúwo. Lẹ́yìn náà ni a ó fà á lórí awọ, ṣùgbọ́n níbẹ̀, ẹ̀yìn ni yóò ṣíwájú, nítorí pé bí ojú bá ṣíwájú, yóò gé awọ, òun fúnra rẹ̀ yóò sì bàjẹ́.

Ẹ wo bí èdè wa ṣe gba iṣẹ́ yìí mọ́ra. Irin ní ojú, ó ní ẹ̀yìn. Kú àti ojú ni ó bí kújú. Ohùn òkè lásán ni ó sì ya pọ́n abẹ sọ́tọ̀ kúrò lára pọn ọmọ! Bí iṣẹ́ náà bá lọ, ta ni yóò rántí ohun tí àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ń ṣe?

Ní 1903 ni Gillette bẹ̀rẹ̀ sí í ta abẹ àlòsọnù ní Amẹ́ríkà. Ilé-iṣẹ́ P&G, tí ó ra Gillette ní 2005, ní ilé-iṣẹ́ ní Àgbárá nígbà kan. Ní oṣù Kejìlá 2023, ó kéde pé òun kò ní máa ṣe ọjà ní Nàìjíríà mọ́, pé kíkó ọjà wọlé ló kù. Ẹni tí kò lè pọ́n tirẹ̀, rírà ni yóò máa rà.

Ẹnìkan lè sọ pé abẹ kan fún orí púpọ̀ ń kó àrùn ràn. Òótọ́ ni. Omi àti òkúta kì í pa kòkòrò éèdì tàbí ti àrùn ẹ̀dọ̀. N kò pe abẹ àjùmọ̀lò padà, n kò sì pe ilà kíkọ padà. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 ti ka fífi àmì sí ara ọmọ léèwọ̀. Ohun tí mo ń wí ni pé ẹni tí ó bá mọ abẹ pọ́n yóò mọ ọ̀bẹ àti ìfági pọ́n, wọn kì í sì í fi ìwọ̀nyí fárí ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ wa fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní pípọ́n irin. Ẹ̀yin náà, ẹ bi àwọn àgbà onígbàjámọ̀ tí ó ṣẹ́kù ní àdúgbò yín léèrè orúkọ òkúta àti awọ wọn, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn. Irin tí a kò pọ́n a máa kújú. Ìmọ̀ tí a kò fi kọ́ ọmọ náà yóò kújú.