Aláàbọ̀ Ara Níbi Iṣẹ́ Ìmọ́tótó Etíkun

Ní Sátidé kẹta oṣù Kẹsàn-án lọ́dọọdún, àwọn ènìyàn ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè máa ń lọ sí etíkun lọ ṣa ìdọ̀tí. Ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1986, a sì ń ṣe é ní Èkó náà. Kò sẹ́ni tó ń gbowó iṣẹ́. Ńṣe ni kálukú yọ̀ǹda ara rẹ̀. Kí ló wá dé tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ rí aláàbọ̀ ara láàárín wọn?

Èsì tó máa ń yá wa lẹ́nu ni pé iṣẹ́ náà le jù fún wọn. Kí á tó gbà bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí á wo iṣẹ́ ọ̀hún fúnra rẹ̀. Ẹnì kan ń ṣa ìdọ̀tí, ẹnì kan di àpò mú, ẹlòmíràn ń ya ike sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rá àti agolo. Ẹnì kan ń wọn ìwúwo rẹ̀, ẹnì kan sì ń kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Àkọsílẹ̀ yìí ṣe pàtàkì, torí òun ni àwọn onímọ̀ fi ń mọ irú ìdọ̀tí tó ń wọ inú òkun jù.

Yanrìn gan-an ni wàhálà ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara. Táyà kẹ̀kẹ́ náà tẹ́ẹ́rẹ́. Tó bá dé orí yanrìn gbígbẹ, ó máa rì, ẹni tó wà lórí rẹ̀ á máa yí i, kò ní kúrò lójú kan. Àmọ́ yanrìn tútù, níbi tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ fà kúrò, le ju ti gbígbẹ lọ. Nítorí náà, kí olùṣètò wádìí wákàtí tí òkun máa ń fà sẹ́yìn, kí ó fi iṣẹ́ sí i. Láti ojú títì dé ibẹ̀, àwọn kan lókè òkun máa ń tẹ́ ẹní oníke tó ṣeé ká. Pákó pẹlẹbẹ tó fẹ̀ tó mítà kan, tí a tò tẹ̀ léra, lè ṣe iṣẹ́ kan náà fún wa. Bí àtẹ̀gùn bá wà níbẹ̀, ìlànà tí àwọn kọ́lékọ́lé ń lò ni pé gíga ẹsẹ̀ bàtà 1 gba pákó ẹsẹ̀ bàtà 12. Èyí tó bá kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ á dà gẹ̀rẹ́ jù, ẹlòmíràn ni yóò sì máa ti kẹ̀kẹ́ náà gòkè. Ẹ̀mú ọlọ́wọ́ gígùn ni kí ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ fi máa ṣa ìdọ̀tí. (Àwọn àgbàlagbà tí ẹ̀yìn ń dùn pàápàá á fẹ́ ẹ.)

Adití kò ní gbọ́ fèrè tí wọ́n fi ń pe ènìyàn kúrò nínú ewu, nítorí náà ẹ lo àsíá pupa. Ní ti afọ́jú, ọwọ́ rẹ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rá, agolo àti ike dáadáa. Ẹ sáà jẹ́ kí ẹni tó ríran kọ́kọ́ kó abẹ́rẹ́ àti àfọ́kù ìgò kúrò.

Àṣìṣe kan wà tí àwọn olùṣètò onínúure máa ń ṣe. Wọn á kó gbogbo aláàbọ̀ ara jọ sábẹ́ kánópì, wọn á fún wọn ní bírò, ó parí. Ẹlòmíràn lè fẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn lè fẹ́ kí ọwọ́ òun náà dọ̀tí. Ẹ bi í.

Inú ìkéde ló sì yẹ kí ìbéèrè náà ti bẹ̀rẹ̀. Kí ìkéde sọ bí ibẹ̀ ṣe jìnnà sí ibùdókọ̀ tó, bóyá kẹ̀kẹ́ lè wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, àti nọ́ńbà tí ènìyàn lè pè láti sọ ohun tó nílò. Òfin Èkó ti ọdún 2011 àti ti ìjọba àpapọ̀, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2019, kọ̀ kí a ya aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀. Òfin nìkan kò lè gbé e wọ dánfó, ṣá. Ẹni tí kò lè wọ dánfó á háyà ọkọ̀ ni, owó rẹ̀ sì lè pọ̀ ju owó ìbọ̀wọ́ àti omi gbogbo àwọn yòókù lọ. Kí àwọn tó ń ṣètò owó iṣẹ́ náà kọ ọ́ sínú ìnáwó láti ìbẹ̀rẹ̀.