Iná Àìtọ́jọ́: Ọ̀rọ̀ Sí Àwọn Tí Ń Wá Agbára Kún Ẹ́ńjìnnì Tọ́bò



Ní Sábó, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, ọ̀rọ̀ kan wà tí gbogbo ọlọ́kọ̀ ń bẹ̀rù: "Ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì." Bí mẹkáníìkì bá ti sọ ọ́, ọ̀rọ̀ ti kọjá àtúnṣe kékeré. Ìtumọ̀ rẹ̀ lẹ́nu wa ni pé irin inú ẹ́ńjìnnì ti jẹ ara wọn, ó di kí a wá òmíràn rà. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní ìtumọ̀ mìíràn fún nọ́ọ̀kì, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa: ìró tí ẹ́ńjìnnì ń dún nígbà tí epo bá gbiná níbi tí kò yẹ, ní àkókò tí kò yẹ. Ìkìlọ̀ ni wọ́n ń fi í pè. Òkú ni àwa ń fi í pè.

Ìmọ̀ èdè ni iṣẹ́ tí mo ń kọ́ni, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àyálò a máa yí ìtumọ̀ padà. Orúkọ Sábó fúnra rẹ̀, inú Sábón Gàrí tí í ṣe èdè Haúsá ni ó ti wá, kò sì pọn dandan kí ẹni tí ń ra àlùbọ́sà níbẹ̀ mọ èyí. Ti nọ́ọ̀kì ni ó ń pa wá lára, pàápàá ní àsìkò yìí tí àwọn ọ̀dọ́ wa fẹ́ràn àtimáa fi agbára kún ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí ó ní tọ́bò.

Kí ni tọ́bò ń ṣe? Èéfín gbígbóná tí ẹ́ńjìnnì ń tú jáde ni a fi ń yí abẹ̀bẹ̀ kékeré kan. Abẹ̀bẹ̀ kejì wà lórí ọ̀pá kan náà, òun ni ó ń fa afẹ́fẹ́ tútù, tí ó ń kì í mọ́ inú ẹ́ńjìnnì. Alfred Büchi, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ni ó gba ẹ̀tọ́ ìmọ̀ yìí ní ọdún 1905. Ọ̀pá náà lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, epo ẹ́ńjìnnì nìkan ni ó sì gbé e dúró. Ẹni tí ó bá fi ọ́ìlì ayédèrú sí i ti sọ ibi tí ó fẹ́ kí ó kú sí. Afẹ́fẹ́ tí ó pọ̀ sí i ń jẹ́ kí a lè jó epo tí ó pọ̀ sí i, níbẹ̀ ni agbára ti ń wá.

Ìdí nìyí tí àwọn kan fi rò pé kò sí ohun mìíràn láti ṣe ju kí a fún afẹ́fẹ́ náà pọ̀ lọ. Ilẹ̀kùn kékeré kan wà tí èéfín ń gbà yà kúrò lára abẹ̀bẹ̀ nígbà tí agbára bá ti tó. Wọ́n á fún ọ̀pá rẹ̀ le kí ó má tètè ṣí; tàbí kí wọ́n ra fáìlì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n dà á sínú kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Ọkọ̀ á sì fò lóòótọ́, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí àwọn tí ó ṣe ẹ́ńjìnnì náà ṣe. Ẹ́ńjìnnì 1.8T ti Volkswagen, irú èyí tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ Golf àti Passat, ní agbára ẹṣin 150. Ti Audi TT tí ó jẹ́ ẹbí rẹ̀ ní 225. Wọn kò kàn yí ìdè kan kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Tọ́bò tí ó tóbi jù ni wọ́n fi sí i, ìntakúlà méjì, ẹnu tí ń fọ́n epo tí ó gbòòrò sí i. Wọ́n sì dín bí písítìnnì ṣe ń há afẹ́fẹ́ mọ́ kù. Agbára wá lẹ́yìn ìmúrasílẹ̀.

Afẹ́fẹ́ tí a bá fún mọ́ra a máa gbóná. Bí a bá fún afẹ́fẹ́ ọjọ́ ẹ̀ẹ̀rùn wa, tí ó wà ní 30°C, di ìlọ́po méjì, ó lè kọjá 100°C kí ó tó dé ìntakúlà. Ìyàtọ̀ láàárín afẹ́fẹ́ 20°C àti ti 35°C nìkan tó láti mú nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ náà lọ. Fáìlì tí a sì kọ fún ojú ọjọ́ Jámánì, fún epo 95 tàbí 98 tí wọ́n ń tà níbẹ̀, ni a ń dà sínú ọkọ̀ tí ń mu epo tí ó rẹlẹ̀ sí i, lórí títì Ìbàdàn, ní ọ̀sán gangan.

Nígbà tí nǹkan bá rí bẹ́ẹ̀, epo kì í dúró de iná. Bí ó ti yẹ ni pé kí púlọ́ọ̀gì tan iná, kí iná náà máa tàn lọ létòlétò, kí ó máa ti písítìnnì. Ṣùgbọ́n epo tí ó wà ní kọ̀rọ̀, tí iná kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á gbiná fúnra rẹ̀ nítorí ooru àti ìhámọ́ra. Ìró rẹ̀ dà bí òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lára ẹ́ńjìnnì tí ó ń gbọ́ ọ bí etí. Á sọ fún kọ̀ǹpútà kí ó dẹ iná púlọ́ọ̀gì sẹ́yìn. Nítorí náà ni ọkọ̀ tí a ṣe jù fi ń kọ́kọ́ di ọ̀lẹ. Ẹni tí ó bá rí i tí ó tún fún tọ́bò le sí i ń pa etí ẹ́ńjìnnì náà dé. Lẹ́yìn náà ni písítìnnì ń fọ́.

Ohun tí mo ń dábàá ni kí a pe eléyìí ní iná àìtọ́jọ́. A ti mọ ikú àìtọ́jọ́, a mọ̀ pé ohun tí a lè gbàdúrà kí ó yẹ̀ ni, tí a sì lè ṣètùtù fún. Ọmọṣẹ́ tí ó bá gbọ́ orúkọ yẹn á béèrè pé kí ni ó mú kí iná náà yá ju àkókò lọ. Kí nọ́ọ̀kì máa jẹ́ ti òkú lọ.

Ti díísù yàtọ̀ díẹ̀: èéfín dúdú tí ń tú lẹ́yìn tírélà tí wọ́n yí ìdè pọ́ǹpù rẹ̀ sókè ni epo tí kò rí afẹ́fẹ́ jó, ooru rẹ̀ sì ń jẹ abẹ̀bẹ̀ tọ́bò náà.

Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú wa á sọ: a ti bọ Ògún, kí ni ìwọ̀n ooru ń ṣe níbẹ̀? Èmi náà ń bọ Ògún. Ṣùgbọ́n alágbẹ̀dẹ, ọmọ Ògún gan-an, ń wo àwọ̀ irin nínú iná kí ó tó gbé òòlù. Kì í lu irin tí kò tíì pọ́n. Àwa babaláwo pẹ̀lú, ọ̀pẹ̀lẹ̀ ni a ń gbé kalẹ̀ ṣáájú, ẹbọ ń bọ̀ lẹ́yìn. Babaláwo tí ó bá ti ń ka iye ewúrẹ́ kí odù tó hàn, àwa fúnra wa mọ orúkọ tí a ń pè é. Ẹni tí kò wọn afẹ́fẹ́, tí kò wọn epo, tí kò ka ohun tí etí ẹ́ńjìnnì ń gbọ́, tí ó kàn fi agbára kún un, iṣẹ́ irú babaláwo bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣe. Àwọn ọlọ́kọ̀ sì ń wá bá wa lẹ́yìn rẹ̀ pé kí a wo ẹni tí ó ń ṣe wọ́n láti ilé. Nígbà mìíràn, kò sí ẹnikẹ́ni nílé.

Ọwọ́ àwọn mẹkáníìkì àgbà wa kò le. Iṣẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n fi kọ́ṣẹ́ ni ó yàtọ̀. Peugeot 504 tí wọ́n ń tò ní Kàdúná àti Beetle tí wọ́n ń tò ní Èkó láti ọdún 1975, kò sí tọ́bò lára wọn. Etí àti ọwọ́ tó láti tún wọn ṣe. Ẹ̀rọ tí ń ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kò wọ́n tó ẹ́ńjìnnì mìíràn. Kí àwọn tí ó ń gba ọmọṣẹ́ ra á, kí wọ́n sì fi Yorùbá kọ́ wọn ní ohun tí ó ń sọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ní orúkọ tí ó dára ju iná àìtọ́jọ́ lọ, kí ó mú un wá, kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò.