Ẹ Má Jẹ́ Kí Nọ́ọ̀tì Táyà Dá Ọjà Wa Dúró

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, àwọn kan máa ní ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á ná. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tú nọ́ọ̀tì táyà, èyí tí òyìnbó ń pè ní impact wrench, tí àwọn fọkanáísà wa ń pè ní gọ́ọ̀nù nítorí pé ó jọ ìbọn. Ẹ ti máa ń gbọ́ ariwo rẹ̀ lẹ́bàá títì, gìrìrìrì. Tẹ́lẹ̀, ọ̀dọ̀ fọkanáísà nìkan la ti ń rí i, afẹ́fẹ́ ni wọ́n sì fi ń lò ó. Nísinsìnyí wọ́n ti ń ta èyí tó ń lo bátìrì fún ẹni tó ní mọ́tò kan ṣoṣo nílé, àwọn ọmọ wa sì ń yọ wá lẹ́nu pé ká rà á.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Ó kàn wá gan-an. Mélòó nínú wa ni kò ní bọ́ọ̀sì tàbí píkọ́ọ̀pù tó ń kó ẹrù? Tòmátì tí a rà ní Mile 12 kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí táyà bá bẹ́ lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ní aago mẹ́rin ìdájí, dírẹ́bà á mú sípánà kékeré tó bá mọ́tò wá, á fi tú nọ́ọ̀tì, kò tú. Á gun orí rẹ̀, kò tú. Kí ló dé? Fọkanáísà tó de táyà yẹn kẹ́yìn ti gbé gọ́ọ̀nù lé e títí nọ́ọ̀tì fi sunkún. Ó di kí wọ́n jókòó sójú títì títí ilẹ̀ á fi mọ́, nínú òkùnkùn, pẹ̀lú ẹrù àti owó lọ́wọ́. Tòmátì tó bá rà níbẹ̀, tiwa ni. Kì í ṣe ti dírẹ́bà.

Èrò tèmi rèé. Kí ẹ tó ra ẹ̀rọ kankan, ẹ kọ́kọ́ ra irin ọlọ́wọ́ gígùn, èyí tó gùn tó 60 sẹ̀ǹtímítà, pẹ̀lú sọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá nọ́ọ̀tì mọ́tò yín mu. Àwa tí a ń fi òṣùwọ̀n tajà, ìṣirò rẹ̀ kò lè le fún wa. Bí a ṣe ń fi kílò wọn ìrẹsì, Nm ni wọ́n fi ń wọn agbára tó ń yí nọ́ọ̀tì. Bí ẹ bá so ẹrù kílò 10 mọ́ ìpẹ̀kun irin tó gùn ní mítà kan, nǹkan bíi 98 Nm nìyẹn. Ọ̀pọ̀ Toyota Camry, Corolla àti Sienna tó kún ìgboro wa, 103 Nm ni àwọn tó ṣe wọ́n ní kí a fi de nọ́ọ̀tì táyà wọn, sọ́kẹ́ẹ̀tì 21 ló sì ń wọ̀ ọ́. Ti Honda Accord àti Civic jẹ́ 108, sọ́kẹ́ẹ̀tì 19. Volkswagen Golf ní tirẹ̀, bóòtù ló ń lò, sọ́kẹ́ẹ̀tì 17, 120 Nm.

Ṣé ẹ rí i pé kì í ṣe agbára òmìrán? Obìnrin tó wọn kílò 60, tó fi gbogbo ara tẹ ìpẹ̀kun irin 60 sẹ̀ǹtímítà yẹn, agbára tó fi sílẹ̀ tó 350 Nm. Sípánà kékeré tó gùn ní 30 sẹ̀ǹtímítà, ìdajì ìyẹn ló lè mú jáde. Ìdí tí dírẹ́bà fi ń fò lé e bí ọ̀bọ nìyẹn. Irin ọlọ́wọ́ gígùn kì í béèrè iná, kò ní bátìrì tí yóò kú lọ́wọ́ yín lóru, owó rẹ̀ ò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹ̀rọ. Ẹni tó ní mọ́tò kan, tí táyà rẹ̀ ń bẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tèmi ni pé irin yìí tó o.

Ta wá ni ẹ̀rọ yẹ? Ó yẹ ẹni tó ní mọ́tò méjì mẹ́ta, tí ọmọ tàbí ọkọ rẹ̀ ń pààrọ̀ bíréèkì àti ṣọ́ọ̀kì nínú àgbàlá. Ó yẹ ẹni tí ọwọ́ tàbí eékún ń dùn, tó sì ń wa ọkọ̀ ara rẹ̀. Bí ẹ bá wà nínú àwọn wọ̀nyí, ẹ rà á, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi páálí tàn yín.

Ẹ̀yin náà mọ kóńgò tí wọ́n fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọnú. (Ẹ má wo ojú ara yín.) Lójú, kóńgò ni. Ẹ da gaàrí sí i, ẹ máa rí òótọ́ ọ̀rọ̀. Bákan náà ni nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára páálí ẹ̀rọ yìí. Agbára tó fi ń tú nọ́ọ̀tì ni wọ́n sábà máa ń kọ gàdàgbà, nítorí pé ó máa ń ju èyí tó fi ń dè é lọ. Àwọn olówó pọ́ọ́kú míì á tiẹ̀ kọ 800, wọ́n á kọ 1000, bẹ́ẹ̀ ẹ gbé e sórí nọ́ọ̀tì tó dípẹtà, kò mì ín. Fún ọkọ̀ kékeré àti bọ́ọ̀sì kékeré, 300 sí 400 Nm tó jẹ́ òótọ́ tó. Èyí tó bá tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó wúwo, ó sì lè já irin tí nọ́ọ̀tì ń wọ̀ sí lára. Irin ẹnu rẹ̀ tí sọ́kẹ́ẹ̀tì ń wọ̀ sí, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ìdajì íǹṣì. Èyí tó jẹ́ odidi íǹṣì kan, ti àwọn onítírélà ni.

Ẹ̀tàn míì wà níbi bátìrì. Ọlọ́jà á sọ fún yín pé 20V lágbára ju 18V lọ. Irọ́ ni. Sẹ́ẹ̀lì márùn-ún ló wà níbẹ̀ tí wọ́n so pọ̀. Tí wọ́n bá kún dẹ́nu, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú nǹkan bíi 4V wá, ló fi jẹ́ 20. Tí iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, 3.6V ni, ló fi jẹ́ 18. DeWalt ń kọ 20V sára tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó ń kọ 18V ní ilẹ̀ Yúróòpù. Ohun tó yẹ kí ẹ wò ni Ah, ìyẹn bí bátìrì ṣe máa pẹ́ tó. Mẹ́rin dára ju méjì lọ. Bí wọ́n bá kọ brushless sí i lára, ó dára, kò ní kábọ́ọ̀nù tó máa jẹ tán nínú.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn tòkunbọ̀, ẹ gbọ́ o. Èyí tó ti Amẹ́ríkà wá, ẹ yí ìdí ṣájà rẹ̀ wò. Bí wọ́n bá kọ 120V nìkan sí i, tí ẹ sì kì í bọ iná ilé wa tó jẹ́ 230V sí 240V, èéfín ló máa yọ. Ti ìlú Ọba kò ní wàhálà yìí, iná wọn àti tiwa dọ́gba. Ẹ má sì fi bátìrì sílẹ̀ nínú búùtù mọ́tò tí oòrùn ń pa láti àárọ̀ dalẹ́. Ooru ń pa á, kò ní pẹ́ tí kò fi ní gba iná mọ́.

Ẹ ra sọ́kẹ́ẹ̀tì dúdú tó nípọn, èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún ẹ̀rọ yìí. Èyí tó ń dán bíi fàdákà, ti ọwọ́ lásán ni. Bí ẹ̀rọ bá ń gbá a, ó lè fọ́, kí èérún rẹ̀ ta sójú èèyàn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí: ẹ̀rọ yìí, títú ni kí ẹ máa lò ó fún. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi de nọ́ọ̀tì dé òpin, ì báà jẹ́ ọmọ yín, ì báà jẹ́ fọkanáísà. Inú mi kì í dùn tí mo bá rí ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbé gọ́ọ̀nù lé nọ́ọ̀tì tó ń gbọn ọ́n ní ìgbà mẹ́ta, tó ń rò pé òun ń ṣe oníbàárà lóore. Irin ibẹ̀ á nà, lọ́jọ́ kan á já. Díìsìkì bíréèkì á tẹ̀, ẹ ó máa gbọ́ bí ẹsẹ̀ yín ṣe ń gbọ̀n lórí bíréèkì. Tí a bá sì dè é jù, a ti padà sójú ọ̀nà Ìbàdàn ní ìdájí nìyẹn.

Ẹ fi ìka ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan kó má baà wọ òdì. Ẹ máa dè é ní ìdojúkọra, ẹ má tò ó yíká. Tí táyà bá ti kanlẹ̀, kí ẹ wá fi ọwọ́ dè é gírígírí. Lẹ́yìn tí ẹ bá rin nǹkan bíi kìlómítà 50 sí 100, ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà títú náà, kí táyà ṣì wà nílẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kí ẹ tó fi jáàkì gbé e, kí òkúta sì wà lẹ́yìn táyà tó kù. Kí ẹnikẹ́ni má wọ abẹ́ mọ́tò tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e dúró.

Sípánà kan wà tí wọ́n ń pè ní tọ́ọ̀kì. Ẹ ó yí i sí 103 tàbí 108, tó bá ti dé ibẹ̀, á dún tá, ẹ ó sì mọ̀ pé ó tó. Kì í ṣe ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lò lójoojúmọ́, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹgbẹ́ dáwó rà, kì í ṣe gọ́ọ̀nù. Ẹyọ kan ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́, kí dírẹ́bà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ táyà wá fi yẹ nọ́ọ̀tì rẹ̀ wò kó tó di ẹrù, kí akọ̀wé sì kọ orúkọ ẹni tó gbà á àti àkókò tó dá a padà. Mo máa gbé e kalẹ̀ ní ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn, kó wá sọ tirẹ̀ níbẹ̀.