Ajá Ẹni Tí Ó Ń Lọ sí Ìdálẹ̀

Láti ayébáyé ni ajá ti jẹ́ ọ̀rẹ́ Yorùbá. Ọdẹ a máa mú un lẹ́yìn wọ inú igbó. Òun ni í ṣọ́ ilé lóru, òun náà ni í sì kọ́kọ́ yọ̀ mọ́ baba ilé nígbà tí ó bá ti oko dé. Àwọn ẹlòmíràn a tilẹ̀ fi òwe sọ ajá wọn lórúkọ, kí aládùúgbò tí ọ̀rọ̀ kàn lè máa gbọ́ ọ nígbàkúùgbà tí wọ́n bá ń pè é. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìrìn-àjò sí òkè òkun bá dé, ọ̀rẹ́ àtayébáyé yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé. Wọn a ta àga, wọn a ta ibùsùn, wọn a sì fi kọ́kọ́rọ́ lé onílé lọ́wọ́; ajá nìkan ni yóò kù ní ẹnu ọ̀nà, tí yóò máa retí ẹni tí kò ní padà wá. Ìwà yìí kò yẹ ọmọlúàbí.

Àpẹẹrẹ kan ni ti ìdílé tí ó bá fẹ́ ti Ìbàdàn kó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Irú ìdílé bẹ́ẹ̀ lè rò pé bí ọjọ́ bá kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn yóò ra tíkẹ́ẹ̀tì fún ajá gẹ́gẹ́ bí àwọn ti ra ti ara wọn. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Oníṣègùn ẹranko ni yóò kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ kékeré kan, tí kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ, sí abẹ́ awọ ajá náà. Nọ́ńbà inú ẹ̀rọ yìí ni a fi ń dá ajá kan mọ̀ yàtọ̀ sí òmíràn. Lẹ́yìn èyí ni abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi. Nígbà tí ọjọ́ 30 bá kọjá, wọn yóò gba ẹ̀jẹ̀ ajá náà lọ yẹ̀ wò, láti mọ̀ bóyá abẹ́rẹ́ ọ̀hún ṣiṣẹ́. Bí ó bá ṣiṣẹ́, oṣù 3 gbọ́dọ̀ tún kọjá láti ọjọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ kí ajá tó lè wọ ìlú. Nígbà tí ìrìn-àjò bá kù díẹ̀, yóò lo oògùn aràn. Àkókò tí ó wà láàárín oògùn náà àti ìgbà tí yóò gúnlẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní wákàtí 24, kò sì gbọ́dọ̀ ju wákàtí 120 lọ. Ẹni tí ó bá ro ọjọ́ wọ̀nyí pọ̀ yóò rí i pé ìpalẹ̀mọ́ náà kò lè dín ní oṣù 4. Bí wọ́n bá fo ọ̀kan nínú rẹ̀, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lè dá ajá padà, tàbí kí ó fi í sí àhámọ́ fún nǹkan bí oṣù 4, olówó rẹ̀ ni yóò sì san owó ibẹ̀.

Àwọn kan a máa wí pé ìkà ni òfin yìí. Bí wọ́n bá mọ ìtàn rẹ̀, wọn kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1902, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti lé dìgbòlugi kúrò ní ilẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1918, nígbà tí àwọn ọmọ ogun ń ti ojú ogun bọ̀, àwọn kan fi ajá pamọ́ wọlé, àrùn náà sì tún bẹ́ sílẹ̀; ó di ọdún 1922 kí wọ́n tó borí rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, oṣù 6 gbáko ni ajá tí ó ti òkèèrè dé ń lò ní àhámọ́. Ọdún 2000 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí yọ àwọn ilẹ̀ kan kúrò nínú èyí. Láti ọdún 2012, ajá tí ó ti ilẹ̀ bíi Nàìjíríà lọ náà lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ìwé rẹ̀ bá pé. Sùúrù ni ó gba ipò àhámọ́, sùúrù sì sàn fún ajá ju àgò lọ.

Inú ọkọ̀ òfuurufú náà gba ìmúrasílẹ̀. Ibi ẹrù ni ajá tí ó ń lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń wà, nínú àgò tí ó gbọ́dọ̀ gbà á láti dìde, láti yípo àti láti sùn. Ẹni tí ó gbọ́n yóò ti máa fún un ní oúnjẹ nínú àgò yìí láti ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ṣáájú, kí ó má baà di ẹ̀rù sí i. Kò sì yẹ kí a fún un ní oògùn oorun, nítorí ó lè dí i lọ́wọ́ láti mí dáadáa lójú ọ̀run.

Nígbà tí ó bá gúnlẹ̀, ayé mìíràn ni ó bá. Ní Ìbàdàn, ajá a máa jẹ̀ káàkiri àdúgbò, bí baba ilé kò bá sì sí nílé, ìyá àgbà wà níbẹ̀ tí yóò bu oúnjẹ fún un. Ní Lọ́ńdọ̀nù, orúkọ àti àdírẹ́sì olówó rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lára ìgbànú ọrùn rẹ̀ níta, olówó rẹ̀ ni yóò sì kó ìgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀nà kò sì gbà á láyè láti máa dá rìn: ajá tí ó rí mọ́tò tí ó dúró, ó fi ara rẹ̀ bọ Ògún ni. Nítorí náà ni àwọn ènìyàn ṣe ń fi owó bẹ ẹni tí yóò bá ajá wọn rìn, tàbí ẹni tí yóò gbà á sílé nígbà tí wọ́n bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Láti ọdún 2018, ẹni tí ó bá fi gbígba ajá sílé ṣe òwò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Àwọn ará ilé lè fi èyí rẹ́rìn-ín pé ìnáwó òmùgọ̀ ni. Kì í ṣe òmùgọ̀. Ibi tí kò bá ti sí ìyá àgbà, owó ni a fi ń ra ìtọ́jú rẹ̀.

Òótọ́ ni pé owó yìí pọ̀, kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó lè san án. Kò sí ìtìjú nínú pé apá ẹni kò ká a. Ẹni tí kò bá lè mú ajá rẹ̀ lọ, kí ó wá ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ tí yóò tọ́jú rẹ̀, kí ó gba abẹ́rẹ́ fún un kí ó tó lọ, kí ó sì fi owó oúnjẹ díẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí ó burú ni pé kí ó fi í sílẹ̀ ní títì. Dìgbòlugi ṣì wà ní Nàìjíríà, ajá ni ó sì ń kó o ran ènìyàn jù. Bí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára ènìyàn, ẹni tí í yè é kò wọ́pọ̀ rárá. Ajá tí kò ní olówó kò ní ẹni tí yóò gba abẹ́rẹ́ fún un. Ọmọ aládùúgbò ni ó sì lè bù jẹ lọ́la. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó sá fi ajá rẹ̀ sílẹ̀ ti fi ewu sílẹ̀ fún àwọn tí ó dágbére fún.

Ẹnikẹ́ni kò fi tipá mú ẹlòmíràn láti sin ajá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú un wọlé ti gba ẹrù rẹ̀, ìrìn-àjò kò sì sọ ẹrù yẹn kalẹ̀ fún un. Ọjọ́ tí ó bá pinnu láti lọ ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀ ètò ajá rẹ̀, nítorí ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde.