Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹ̀yin baálé ilé, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ìyá mọ̀ pé kò kéré rárá. Ọ̀rọ̀ ilé ìdáná ni. Inú ilé tiwa gan-an ni ó ti ṣẹlẹ̀, a kò sì ní fi ohunkóhun pamọ́ fún yín nínú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹjọ́ wa ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti wá kí wa rí ní Òtò mọ̀ pé ilé àtijọ́ ni à ń yá gbé. Láti Ìddó títí dé Òyìngbò, irú ilé bẹ́ẹ̀ pọ̀: ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn láàárín, yàrá lọ́tùn-ún àti lósì, ilé ìdáná sì wà lẹ́yìnkùlé pátápátá. Àwọn Àgùdà tí wọ́n ti ilẹ̀ Brazil padà sí Èkó ní nǹkan bí àádọ́jọ ọdún sẹ́yìn wà lára àwọn tó mú irú ìkọ́lé yìí wá. Ojú ilé ni wọ́n máa ń ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, wọ́n á fi sìmẹ́ǹtì mọ òdòdó sí orí fèrèsé, wọ́n á sì fi ọ̀dà tó ń tàn kùn ún. Ẹ̀yìn ni èéfín ń gbé.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ilé tiwa rí. Láàárín ogún ọdún tí a ti wà níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni a kun pálọ̀. A pààrọ̀ kọ́tìnnì, a ra àga, nítorí pé ibẹ̀ ni àlejò ń jókòó sí. Ilé ìdáná ńkọ́? A kò fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Sítóòfù oníkẹrosíìnì ló bá wa kùn ún, dúdú ló sì fi kùn ún.

Lọ́dún tó kọjá, a kó àjọ tí a fẹ́ fi ra àga tuntun. Ìyàwó wa ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a fi owó yìí tún ilé ìdáná ṣe. Ẹ bá mi kun ún ní àwọ̀ ìyeyè, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n lẹ táìlì aláwọ̀ aró, èyí tó ní òdòdó lára, mọ́ ògiri ẹ̀yìn sítóòfù.”

A rẹ́rìn-ín. A ní, “Ìyá àwọn ọmọ, ṣé ilé ìdáná pásítọ̀ ni tàbí ilé ijó? Àwọ̀ yẹn ti pariwo jù. Kí ni àwọn ará ìjọ yóò wí? Bí a bá tilẹ̀ fẹ́ kùn ún, funfun ti tó.”

Kò bá wa jiyàn. Ó ní, “Ó dáa, Bàbá. Ẹ gbé àga kan wá síbẹ̀ lálẹ́ òní, kí ẹ jókòó tì mí títí ọbẹ̀ yóò fi jinná.”

A gbé àga lọ lóòótọ́. Kí ata tó hó, omi ti ń já bọ́ lójú wa. Kí ó tó ro ẹ̀bà tán, a ti ń wúkọ́. A wo òkè, a wo ẹ̀gbẹ́, a ń wá ibi tí atẹ́gùn yóò gbà wọlé. Fèrèsé kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, pákó ni a sì fi kàn án pa láti ọdún tí olè gba ibẹ̀ wọlé. Ọwọ́ ara wa ni a fi kàn án. Ẹ̀yin ará, ọjọ́ pẹ́ tí ìyàwó wa ti ń wúkọ́ lóru. A ń pè é ní òtútù. A ti gbàdúrà lé ikọ́ yẹn lórí ní àìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n a kò fìgbà kankan yọ pákó kúrò lójú fèrèsé.

Ìyẹn dùn wá títí di òní.

Kì í ṣe ilé tiwa nìkan ni ó wà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020, èéfín ìdáná inú ilé ṣekú pa nǹkan bíi 3,200,000 ènìyàn kárí ayé, àti pé àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún tó wà nínú wọn ju 237,000 lọ. Igi, èédú àti kẹrosíìnì wà lára ohun tí ń fà á. Àwọn obìnrin àti ọmọdé tó máa ń wà nítòsí iná ni ó sì ń bá jà jù lọ. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ tún ilé ìdáná ṣe, ẹ gbọ́ èyí kí ẹ tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀dà: fèrèsé ni kí ẹ kọ́kọ́ náwó lé lórí. Àwa yọ pákó náà, a fi irin àti nẹ́ẹ̀tì sí i, a sì dá ihò atẹ́gùn méjì, ọ̀kan lókè fún èéfín, ọ̀kan nísàlẹ̀. Gáàsì ni à ń lò nísinsìnyí. Gáàsì ìdáná wúwo ju atẹ́gùn lọ. Bí ó bá ń jò, ilẹ̀ ni ó máa ń sùn sí, ìdí nìyẹn tí ihò ìsàlẹ̀ fi ṣe pàtàkì. Sílíńdà fúnra rẹ̀ wà níta, ó dúró lóòró.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ àwọ̀ kàn. A ti sọ tẹ́lẹ̀ pé a ka àwọ̀ ìyeyè sí ariwo. Ìyàwó wa bi wá léèrè pé àwọ̀ wo ni ó wà lára aṣọ títa àgọ́ àjọ nínú ìwé Ẹ́kísódù. Àwa tí a lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì kò lè sọ pé a kò mọ̀: aró, elésè-àlùkò àti òdòdó ni, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò tàn. Ẹnu wa wọhò.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀ṣọ́ ilẹ̀ àti ògiri kì í ṣe nǹkan òyìnbó nìkan. Ní Ilé-Ifẹ̀, láàárín nǹkan bí ọdún 1000 sí 1400, àwọn baba ńlá wa ń fi àpáàdì tẹ́ àgbàlá. Wọn kì í dà á sílẹ̀ lásán. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń gbé e dúró lé, wọ́n á tò ó ní ìlà-ìlà bí egungun ẹja, wọ́n á sì fi òkúta wẹ́wẹ́ funfun sáàárín rẹ̀ láti fi ṣe ọnà. Frank Willett wú irú rẹ̀ jáde ní Ìta Yemòó ní ọdún 1957. Peter Garlake náà rí òmíràn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ìtàn Ifẹ̀ sì sọ pé Lúwo, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni, ni ó pàṣẹ pé kí wọ́n tẹ́ ojú ọ̀nà ìlú bẹ́ẹ̀. Ìkòkò tó ti fọ́, tí kò wúlò fún ọbẹ̀ mọ́, ni wọ́n sọ di ẹwà.

Bí ilé ìdáná yín bá kéré, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìyẹn dá yín dúró. Ní ọdún 1926, ní ìlú Frankfurt ní Jámánì, obìnrin kan tó ń yàwòrán ilé, Margarete Schütte-Lihotzky, ṣètò ilé ìdáná kan tí fífẹ̀ rẹ̀ kò tó mítà méjì, tí gígùn rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi mítà mẹ́ta àtààbọ̀. Ó ka iye ìṣísẹ̀ tí ìyá ilé ń gbé, ó sì to gbogbo nǹkan sí ibi tí ọwọ́ ti lè tó o. Nǹkan bíi 10,000 irú rẹ̀ ni wọ́n kọ́ sínú ilé àwọn òṣìṣẹ́ ní ìlú náà. Àwọ̀ aró ni wọ́n kun púpọ̀ nínú wọn, nítorí wọ́n gbà pé eṣinṣin kì í fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ rí i pé ilé kékeré gba ètò, ó sì tún gba àwọ̀.

Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ wà lórí ọ̀dà o. Àwọ̀ tó tàn gan-an, pàápàá pupa àti ìyeyè, nínú ọ̀dà olóròó tó máa ń dán, ni a sábà máa ń bá òjé púpọ̀ nínú rẹ̀. Òjé máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, kò sì sí bí ó ti lè kéré tó tí kò léwu fún wọn. Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé òjé kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 90 lọ nínú mílíọ̀nù kan. Nítorí náà, ẹ ka ara agolo kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì ra èyí tí wọ́n kọ sí i lára pé kò ní òjé. Bí ẹ bá fẹ́ ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò, ẹ fi omi rin ín kí eruku má baà fẹ́, kí ẹ sì kó àwọn ọmọ àti aláboyún kúrò nílé lọ́jọ́ náà.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ táìlì. Odúnadé ní Coker, lọ́nà Orílé, ni a ti ra tiwa. Kò di dandan kí ó ti òkè òkun wá. Wọ́n ń ṣe táìlì ní Àjàòkúta ní Ìpínlẹ̀ Kogí, wọ́n sì ń ṣe é ní Ìgbẹ́sà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ẹ ṣírò kí ẹ tó lọ. Bí ògiri ẹ̀yìn sítóòfù bá gùn ní mítà mẹ́ta, tí ẹ fẹ́ kí táìlì ga ní mítà kan, táìlì oní 30 sẹ̀ǹtímítà sí 60 tí yóò gbà kò ju 17 lọ. Ẹ ra 19, nítorí èyí tí yóò fọ́ àti èyí tí wọn yóò gé. Bí méjì bá ṣẹ́ kù, ẹ tọ́jú wọn, nítorí bí ọ̀kan bá là lọ́jọ́ iwájú, ẹ lè má rí àwọ̀ yẹn gan-an mọ́ lọ́jà. Ẹ má sì ra táìlì ògiri fún ilẹ̀. Ti ògiri máa ń fa omi mu, ó sì máa ń yọ̀. Ti ilẹ̀ gbọ́dọ̀ le, kí ojú rẹ̀ sì rí hẹ́rẹhẹ̀rẹ díẹ̀, kí ìyá má baà gbé ìkòkò gbígbóná ṣubú.

A ṣe àṣìṣe kan níbi iṣẹ́ yìí. Oníṣẹ́ tí a kọ́kọ́ pè ní òun yóò parí rẹ̀ ní ọjọ́ kan, owó rẹ̀ sì rọjú. Inú wa dùn. Orí èéfín àti òróró ogún ọdún ni ó lẹ táìlì náà mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò pé tí mẹ́rin fi já bọ́ lóru, ọ̀kan sì bọ́ sórí àpótí tí ọmọ ọmọ wa máa ń jókòó lé bí ìyá àgbà rẹ̀ bá ń dáná. Bí ó bá jẹ́ ọ̀sán ni, ọ̀rọ̀ mìíràn ni à bá máa sọ fún yín. A dúpẹ́.

Oníṣẹ́ kejì kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ògiri, ó fi ṣísẹ́ẹ̀lì ṣá a títí tó fi rí págunpàgun, ó rẹ táìlì sínú omi kí ó má baà fa omi inú sìmẹ́ǹtì mu, ó sì fi àlàfo bíi mìlímítà mẹ́ta sáàárín. Ọjọ́ kejì ni ó tó fi sìmẹ́ǹtì funfun dí àlàfo náà. Nígbà tí ó parí, ó ní, “Bàbá, ẹ fi ìka kan gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá dún bí agolo òfìfo, inú rẹ̀ kò kún, ẹ jẹ́ kí n yọ ọ́.” Méjì dún bẹ́ẹ̀, ó sì tún wọn lẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ kan tiyín kí ẹ tó sanwó tán.

Ẹ̀yin ayálégbé bíi tiwa, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láìgba àṣẹ onílé, kí ẹ sì gbà á ní kíkọ sílẹ̀. Òfin ìyálégbé tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2011 fi hàn pé ayálégbé tó bá fi àṣẹ onílé tí a kọ sílẹ̀ tún ilé ṣe lè béèrè owó àtúnṣe náà bí onílé bá ní kí ó kó jáde. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kò lè ṣe é.

Iṣẹ́ ti parí báyìí. Ògiri ìyeyè, táìlì aró olódòdó, fèrèsé tó ṣí. Bí oòrùn àárọ̀ bá wọlé, gbogbo rẹ̀ a máa tàn. Àwọn ará ìjọ tí à ń bẹ̀rù ẹnu wọn ni wọ́n ń béèrè pé níbo ni a ti rà á. Ìkọ́ òru yẹn ti dín kù púpọ̀. Kò tíì lọ tán, dókítà sì ń bá wa wò ó.

Àga pálọ̀ kò rí rà mọ́. Ti àtijọ́ ni àlejò ṣì ń jókòó lé. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn kò sí ní pálọ̀ mọ́, èyí tí a gbé lọ sí ilé ìdáná lálẹ́ ọjọ́ yẹn. A kò gbé e padà. Orí rẹ̀ ni a ń jókòó sí lálaalẹ́, tí a ń bó ìṣu, tí à ń gbọ́ ohun tí ìyàwó wa ti fẹ́ bá wa sọ láti ogún ọdún.

Ẹ̀yin baálé ilé, ẹ gbé àga lọ síbẹ̀ lálẹ́ òní. Ẹ jókòó títí ọbẹ̀ yóò fi jinná. Títí a ó fi tún pàdé lóṣù tó ń bọ̀, kí Olúwa bù kún ilé ìdáná yín.